Wọ́n Fọ Abirunkìtì Mọ́

Ìwé mọ́kànlá ni. Mo fẹ́ kí iye yẹn kọ́kọ́ yé gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Gbénga, máa ń pè wọ́n ní "àwọn kọ́míìkì àtijọ́ yẹn" bí ẹni pé wọn ò níye. Mọ́kànlá ni. Mo mọ àwòrán iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì mọ èyí tí eku jẹ létí. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti kúrò ní Igbó-Elérin lọ sí ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n pín aṣọ, mi ò bèèrè tèmi. Wọ́n pín ilẹ̀ tó wà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, mi ò bèèrè. Ìwé mọ́kànlá yẹn nìkan ni mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú, nítorí inú wọn nìkan ni ohun tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn kọ ṣẹ́kù sí.

Kí n tó tẹ̀síwájú: lójúkojú, "ẹ" ni mo máa ń lò fún ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Nínú ìwé yìí, "ó" ni n ó máa lò fún un. Ó gbọ́ Yorùbá. Á mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Bàbá mi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ọjà Alábà. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà nínú kọ̀ǹtéńà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tà á. Àwọn tó ń di ẹrù náà lọ́hùn-ún máa ń ki ìwé àtijọ́ sáàárín tẹlifíṣọ̀n kan sí èkejì kí wọ́n má baà fọ́ lójú omi. Ìwé ìròyìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi fa kọ́míìkì kan yọ láàárín wọn, wọ́n gbọn eruku rẹ̀, wọ́n sì gbé e wálé fún wa.

Ọkùnrin dúdú kan ló wà níwájú ìwé náà. Irun orí rẹ̀ tóbi bí apẹ̀rẹ̀ adìyẹ. Ó lo jígí dúdú, ó wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agogo, ó wọ bàtà gàràǹtí gogoro aláwọ̀ wúrà, orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì dúró sí tó ń fò lójú sánmà. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ti wo àwọn olórin dísíkò ayé ìgbà náà yó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òyìnbó kan wà, tó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn lára, tó wá wọ pátá lé e lórí.

Bàbá mi wo òyìnbó náà títí. "Ẹni tó wọ pátá síta báyìí," wọ́n ní, "ṣé ẹ̀yin rò pé nǹkan ò ṣe é?"

Bí òyìnbó náà ṣe di Onípátá-Lóde nìyẹn. Ọkùnrin dúdú náà di Abirunkìtì.

Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú ìwé náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ ní gbogbo àdúgbò wa. Ìyẹn ò dí bàbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ya ewé nínú ìwé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mi, wọ́n gé e róbótó-róbótó, wọ́n fi báírò búlúù kọ Yorùbá sí i, wọ́n sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ọ̀rọ̀ Jámánì. Sitáàṣì tí màámi fi ń mú sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì le ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, wọ́n á jókòó sáàárín èmi àti Bọ̀ọ̀dá Gbénga, wọ́n á máa kà á, ohùn Onípátá-Lóde á máa gba imú jáde. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n tún ń rí kó wálé lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kan náà ni Onípátá-Lóde ń ṣe: ó ń já wáyà iná àwọn ará Òkokomáíkò. Abirunkìtì á gun àwo rẹ́kọ́ọ̀dù láti Ìyànà Ìbà, á fò lọ so ó padà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu. Ní ìparí gbogbo ìwé, Abirunkìtì máa ń wà lẹ́yìn irin gbọọrọ-gbọọrọ.

"Bàbá, ṣé ẹ̀wọ̀n nìyẹn?"

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Wo fèrèsé tiwa. Ṣé ẹ̀wọ̀n nìwọ náà wà?"

Mo wo fèrèsé. Lóòótọ́, irin tí wọ́n fi dí olè wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe wà ní gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa. Bàbá mi gbé báírò, wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu Abirunkìtì: "Mo ti dé ilé mi. Pẹ̀lú irin yìí, kí Onípátá-Lóde wá wọlé kí n rí i."

Mo gba ìyẹn gbọ́ títí mo fi lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo ń lọ, mo fẹ́ kó àwọn ìwé náà dání. Bàbá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé tí mo bá wá kí wọn, a óò jọ tún un kà. Ọdún kẹrin tí mo lọ ni wọ́n kú. Ìwé ìgbélùú mi wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó lọ ìsinmi. Tí mo bá jáde nílùú, mi ò ní lè padà wọlé. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe sin bàbá mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ni ilẹ̀ Jámánì fi kọ́kọ́ gbá mi létí. Ilé mẹ́jọ ló wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ń gbé, mi ò sì gbọ́ ikọ́ ẹnì kan rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé ìyá àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn. Wọ́n sá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta, mo tún kí wọn bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, onílé kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn gbọ́ pé orúnkún mi ò dáa, pé ṣé ó dá mi lójú pé mo lè máa gun òkè kẹta. Lẹ́tà yẹn wà lọ́wọ́ mi di òní. Mo ń tọ́jú gbogbo lẹ́tà wọn.

Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò gbé tèmi pamọ́ fún oṣù mẹ́rìndínlógún, wọ́n wá dá a padà pé apá kan rẹ̀ nìkan làwọn gbà. Wọn ò sọ apá tó jẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ orúkọ mi nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, ọ̀kankan ò sì tọ̀nà. Mo wá gba iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn.

Mo kọ́ èdè wọn. Mo jókòó ìdánwò àkọ́kọ́, mo yege. Mo jókòó èkejì, mo yege ju ọmọ Pólàǹdì tó jókòó tì mí lọ. Mo pe ilé lọ́jọ́ yẹn, Bọ̀ọ̀dá Gbénga pariwo nínú fóònù: "Ìyá Jámánì! Hítílà ò lè tà ọ́ mọ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbà pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń pani lẹ́rìn-ín. Mi ò ní fi ìyẹn dù ú.

Bàbá arúgbó kan wà ní yàrá kẹsàn-án. Orúkọ obìnrin ará Gánà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ló fi ń pè mí. Nígbà tí mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi nìyẹn, ó ní: "Ọ̀kan náà ni gbogbo yín." Ó máa ń ní kí n gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè kí òun rí i pé mo fọ̀ wọ́n. Mo ń gbé wọn sókè. Ọdún méjì ni mo fi gbé wọn sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì rí irun kan tó tóbi bí apẹ̀rẹ̀ adìyẹ. Mo fà á jáde. Abirunkìtì ni. Ìwé kẹrin ni, èyí tó ti ń fò kọjá lórí afárá. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ohun tí òfin iṣẹ́ wa kà léèwọ̀.

"O mọ̀ ọ́n?" ó bi mí.

"Akọni wa ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

"Akọni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Olè ni! Nínú gbogbo ìwé ni wọ́n ti ń lù ú, wọ́n á wá jù ú sẹ́wọ̀n. Ìyẹn ló dùn níbẹ̀."

Mo ṣí ìwé náà. Kò sí báírò búlúù níbẹ̀, mo sì ti gbọ́ Jámánì. Onípátá-Lóde ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé. Abirunkìtì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ rí: èmi fẹ́ wúrà, ìwé, èmi kò mọ̀, ọ̀gá, má lu èmi.

"Kà á sókè," bàbá náà ní. "Ohùn tìẹ á bá a mu."

Mo ní mi ò kà. Ó fẹjọ́ mi sun ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í bínú, tó máa ń fẹ́ ká jọ gbádùn ara wa, ní ìwé kíkà fáwọn arúgbó wà nínú ohun tí mo fọwọ́ sí. Mo yẹ ìwé àdéhùn mi wò. Ó wà níbẹ̀, ní ojú ewé kejì. Nítorí náà, mo kà á. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìwé kan náà, fún oṣù mẹ́ta. Tí mo bá dé ibi "má lu èmi," á ní kí n tún un kà.

Èmi tí mo ti ń rò pé àjèjì ni mí nílùú yìí! Àṣé wọ́n ti mọ̀ mí kí n tó dé. Wọ́n ti yà mí, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, wọ́n sì ti fi mí dí àlàfo láàárín tẹlifíṣọ̀n méjì ránṣẹ́ sí ilé bàbá mi. Bàbá mi nìkan ló kọ̀. Bàbá mi fúnra wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Wọ́n kàn wo ọkùnrin náà dáadáa, wọ́n sì rí i pé ẹni tó múra báyẹn kò lè jẹ́ olè.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wa kéde pé ní Tọ́sìdeè kan, gbogbo arúgbó máa mú ohun kan láti ìgbà èwe wọn wá sí gbọ̀ngàn, wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀. Bàbá yàrá kẹsàn-án ní kọ́míìkì òun lòun máa mú wá, èmi ni n ó sì kà á fún gbogbo ilé. Ọ̀gá wa bi mí bóyá èmi náà ní nǹkan láti mú wá. Mo ní mo ní. Mo ní tèmi máa tẹ̀ lé ti bàbá náà.

Mo ti mọ bó ṣe máa rí. N ó ka tiwọn fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni n ó gbé ìwé kan náà síta, tó ní Yorùbá bàbá mi lẹ́nu, n ó túmọ̀ rẹ̀ sí Jámánì tó dán mọ́rán fún wọn, n ó sì máa wo ojú bàbá yẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá wa.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn kọ́míìkì bàbá. Mo fẹ́ wọn ní kíá. Ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìyànà Ìbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò bá mi mú wọn."

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé wọn ò ní kọ́míìkì ní Jámánì ni?"

"Mo fẹ́ fi han àwọn òyìnbó níbi iṣẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, kó mọ́ o. Ẹ má jẹ́ kó dójú tì mí. Àwọn èèyàn yìí, tí ìdọ̀tí bíńtín bá wà lára nǹkan, òun ni wọ́n máa rí."

"Ìwọ fọkàn balẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni? Bíi tuntun, tíà rọ́bà ló máa bá ọ."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbọ́ ọ, mo sì dúpẹ́, mo pa fóònù.

Kí ẹni tí kò bá mọ Alábà lè mọ̀: tòkunbọ̀ tí a bá já nínú kọ̀ǹtéńà, a kì í gbé e síta bó ṣe dé. A máa ń fọ̀ ọ́. Tínà, ọṣẹ, kànìnkànìn. Orúkọ tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sí i, a ó pa á rẹ́. Bébà tí ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, a ó rin ín lómi, a ó fi èékánná hó o kúrò, kí ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò lò ó rí. Ọwọ́ bàbá wa ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn.

Àpò náà dé ní ọjọ́ Túsìdeè. Òórùn ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ewé wọn kí wọ́n má baà ká kò. Mo ṣí àkọ́kọ́. Mo ṣí èkejì. Mo ṣí mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Kò sí bébà kankan. Sitáàṣì ni, omi lásán ti tó o. Nínú ìwé keje ni ibì kan wà tí yíǹkì báírò náà ti rin wọ inú ewé. Ó ti fi nǹkan ha á títí ewé fi fẹ́lẹ́, tí èèyàn lè máa wo ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì ń dán gbinrin. Kò sí èyí tí mi ò lè kà.

Mo pè é.

"Ìyá Jámánì! Ṣé o rí i bó ṣe ń dán? Ọjọ́ méjì gbáko! Mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kàn án, èmi fúnra mi ni."

"Bọ̀ọ̀dá, níbo ni àwọn bébà tí bàbá kọ wà?"

"Bébà wo? Àwọn tó ti pọ́n yẹn? Ẹlẹ́gbin ti kó wọn lọ."

"Ẹ ò kà wọ́n ni?"

"Kí ni n ó tún máa kà níbẹ̀? Ṣebí mo mọ̀ wọ́n sórí."

"Ó dáa. Ẹ sọ ọ̀kan fún mi."

"Ah-ah. Èyí tí… Abirunkìtì ní… ó ní wáyà yẹn…" Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn. "Àbúrò, ṣebí ìwọ lo ní kó mọ́."

Èmi náà gbìyànjú láti rántí. Yàtọ̀ sí ti irin fèrèsé, gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo rí, ọ̀kan nínú wọn ò sì dá mi lójú. Ìwé mọ́kànlá.

Ọlidé ni, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gbọ́ ohùn mi. Wọ́n gba fóònù sójú, wọ́n ń ti ara wọn. "Àǹtí! Dádì ní àkàndá èèyàn ni bọ̀bọ́ yẹn! Àǹtí, ẹ kà á fún wa!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi ní láti ẹ̀yìn wọn, ohùn rẹ̀ ti ń wá ibi tó máa sá sí. "Ìwọ tó gbọ́ Jámánì. Kà á fún wọn, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí akọni bàbá wọn àgbà ń sọ."

Mo lè parọ́. Bàbá mi ì bá parọ́. Tọkàntara ni mo fi yàn láti má parọ́, nítorí mo fẹ́ kó gbọ́ ohun tó fi èékánná hó jáde. Mo ṣí ìwé kẹrin. Mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láì fi kún un, láì yọ kúrò, mo sì fi ohùn tí bàbá yàrá kẹsàn-án fẹ́ràn kà á. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi kọ́ ohùn yẹn.

"Èmi fẹ́ wúrà. Ìwé, èmi kò mọ̀. Ọ̀gá, má lu èmi."

"Rárá," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Rárá o. Kì í ṣe ohun tí bàbá wa kọ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Èyí tí bàbá wa kọ ni ẹ fọ̀ dànù."

Àwọn ọmọ ti bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtọkànwá, irú èyí tí àwa náà máa ń rín lọ́jọ́ Sátidé. "Ọ̀gá, má lu èmi!" ni àgbà wọn ní. "Èmi fẹ́ wúrà!" ni èkejì ní. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń sáré yí àwọn tẹlifíṣọ̀n ká, tí wọ́n ń ké e bí ewì. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ ìgbájú kan. Fóònù já.

Ní Tọ́sìdeè, mo sọ fún ọ̀gá wa pé ẹrù mi ò dé. Mo ka ti bàbá náà fún wọn ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. A ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Tí mo bá pè, ó máa ń sáré bi mí nípa òtútù. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin, tí kò tíì rí mi rí àfi lórí fóònù, á ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wá rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àwọn tó wà ní Jámánì nìyẹn.

"Àǹtí," á ní, "ọ̀gá, má lu èmi."

Mo sì máa ń dá a lóhùn.